Ìlù Àbẹ̀kẹ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Àpòmù

Agogo márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ìsẹ́yìn. Nígbà ayé ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá ń rìnrìn àjò, òun ni í sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, tí yóò sì bi mí bí mo bá ti mú gíláàsì ojú mi. Ní ọjọ́ yìí, èmi ni mo bi ara mi, èmi náà ni mo sì dá ara mi lóhùn.

Ohun tí mo gbé dání kò ju ìwé orin méjì tí a tò léra lọ. Ẹ̀rọ onílù ni, irú èyí tí kò ní awọ, tí kò ní ọ̀pá. Bọ́tìnnì ni a fi ń kọ́ ọ ní ìlù, yóò sì máa lu ohun tí a bá kọ́ ọ. Àbúrò Àbẹ̀kẹ́ ló mú un ti òkè òkun bọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré. Èmi ni ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Àbẹ̀kẹ́ fi ìka ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìlù kan fún orin ìkórè, ìlù tí yóò máa rìn geerege títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó parí, tí yóò wá dúró, bí ìyá tí ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ tí ń bọ̀, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ tí ó kù. Mo ní ìlù náà ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo ní a kì í wọ́ ẹsẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ibẹ̀ ni ó sì ti ń lù ú fún ara rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí. Lẹ́yìn ìkórè tí ó kọjá, ìlù náà ṣàdédé ń wù mí í gbọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde, mo ra bátìrì tuntun sí i, kò lu nǹkan kan. Wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin kan wà ní Ìkirè tí ó mọ ikùn irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi jáde nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa nínú ọkọ̀ kí a tó dé Mọníyà. Ọ̀nà náà ti dára ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ, nǹkan tí ó sì kù fún arìnrìn-àjò ni kí ó máa wo igbó. Ní Ìwó Róòdù, n'Ìbàdàn, mo wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Ifẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà dé Ìkirè. Awakọ̀ náà na ọwọ́ sí ẹrù mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e sí búùtù."

"Kò lọ sí búùtù. Orí itan mi ni yóò jókòó sí."

"Àbí ẹyin ni, Bàbá?"

"Bí ó bá jẹ́ ẹyin, pẹ̀lú bí mo ti rí i tí o ń wakọ̀ bọ̀ yẹn, á ti fọ́ kí a tó dé Ẹgbẹ́dá."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra wakọ̀ fún bíi ibùsọ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé. Ní Aṣéjìrẹ́, àwọn obìnrin ń na ẹja tútù sókè sí ojú fèrèsé wa, omi sì ń kán lára ẹja náà sí orí ọ̀dà. Arábìnrin tí ó jókòó tì mí ra méjì, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó bi í bí òun yóò ṣe sè é fún un. Mo yí ojú sí òdì kejì.

Mo sọ̀ ní Ìkirè nígbà tí oòrùn ti mú. Ìsọ̀ tí wọ́n júwe fún mi wà ní títì pa. Obìnrin kan ń dín dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, dòdò ti ibí kì í ṣe dòdò wa. Àwa a máa gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n, a ó dín in kí ó pupa. Àwọn a máa dúró kí ó pọ́n kọjá àlà, kí èèpo rẹ̀ dúdú, wọn a gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọn a dín in ní róbótó títí yóò fi dúdú bí èédú. Igba náírà ni mo ra. Ó dùn, ó ta, ó sì lẹ̀ mọ́ eyín.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ṣé Aláriwo lẹ ń wá?"

"Ràṣídì ni wọ́n pè é fún mi."

"Aláriwo náà ni. Ó ti kó ariwo ẹ̀ lọ sí Àpòmù. Àwa la lé e! Adìyẹ mi ò sàba mọ́. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ra ariwo ni, ẹ̀yin àgbàlagbà?"

Mo ní ariwo tèmi wà lọ́wọ́ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi dòdò kan ṣe ènì fún mi.

Ọ̀kadà gbé mi dé Àpòmù ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí nígbà kan ni Ràṣídì sọ di ìsọ̀, òórùn kòkó kò sì tíì kúrò lára ògiri rẹ̀. Ọkùnrin náà yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹ̀rọ onílù bí ogún wà lórí pákó, ikùn wọn ṣí sílẹ̀, ìfun wọn wà níta. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ó fi ìka kan ahọ́n, ó fi ìka tútù náà kan irin wẹ́wẹ́ inú ẹ̀rọ kan tí ń lu ìlù jẹ́jẹ́. Lójijì ìlù náà di igbe ẹtù. Ó gbé ìka lọ síwájú díẹ̀, ó di òjò lórí páànù.

"Ibi tí ó bá ti ké ni mo máa ń wá, Bàbá. Tí mo bá rí i, màá fi òjé jó wáyà mọ́ ọn, màá fi súwíìṣì sí i. Àwọn tó ṣe é kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó sọ. Èmi ń wá ohun tí wọn ò kọ́ ọ. Àwọn olórin máa ń ti Èkó wá rà á."

"Èmi kò wá ohùn tuntun. Ìlù ìyàwó mi wà nínú èyí. Mo fẹ́ kí o mú un sọ̀rọ̀."

Ó tú ẹ̀rọ náà, ó wò ó pẹ́. Nígbà tí ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bàbá, kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ta ló yọ bátìrì àkọ́kọ́?"

"Èmi ni. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín ni mo yọ ọ́, mo nu ẹ̀rọ náà, mo fi ọ̀rá dì í. Ta ní í fi bátìrì sílẹ̀ sínú ohun tí a kò lò? Yóò ṣomi, yóò jẹ irin."

"Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ rédíò. Ṣùgbọ́n bátìrì ni eléyìí fi ń rántí. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, tí ẹ ò tètè fi òmíràn sí i, ó gbàgbé nìyẹn." Ó rọra gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo lè lu nǹkan kan sínú ẹ̀ kí n ní òun ni. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ̀sọ̀ mú un. Mo nù ún, mo dì í, mo sì fi ọwọ́ ara mi nu ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò.

Ràṣídì ní kí n fi ọwọ́ lu ìlù náà lórí tábìlì, òun yóò kọ ọ́ padà sínú ẹ̀rọ. Mo lù ú. Ó fi bọ́tìnnì kọ ọ́, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ lù ú jáde. Ó gún, ó mọ́, kò ní àbùkù kankan.

"Ṣé òun nìyẹn, Bàbá?"

"Òun kọ́. Ti Àbẹ̀kẹ́ máa ń dúró díẹ̀."

"Níbo ló ti ń dúró?"

"Níbi tí ó ti kù díẹ̀ kí ó parí."

"Lẹ́yìn ìró kẹta ni, àbí lẹ́yìn ìkẹrin? Ó ń dúró pẹ́ tó?"

N kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gbọ́ ìlù yẹn láti ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná, àṣìṣe rẹ̀ nìkan ni mo sì ń gbọ́. Mo lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò dára. N kò lè sọ bí ó ti rí.

Ràṣídì kò fẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. Ó wá ibì kan nínú irin náà tí, bí a bá yọ́ ọwọ́ kàn án, ìrìn ìlù yóò máa lọ́ra. Ó jó wáyà mọ́ ọn, ó fi kókó kékeré kan síta tí a lè máa yí. Mo yí i. Gbogbo ìlù náà ń wọ́ ẹsẹ̀. Mo yí i padà, gbogbo rẹ̀ ń sáré. Ti Àbẹ̀kẹ́ kì í wọ́ ẹsẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń dúró, ó sì mọ ẹni tí ó ń dúró dè.

"Ṣé ó sún mọ́ ọn, Bàbá?"

"O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Kò sún mọ́ ọn."

Ó sìn mí dé ojú ọ̀nà, ó kọ̀ kò gba owó iṣẹ́. Nínú ọkọ̀ ìpadàbọ̀, kò sí ẹni tí ó bi mí ní ohun tí mo gbé sórí itan. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò ní, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀, ṣé ọ̀hún dára?" Mo ní dáadáa ni, mo sì wọlé.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé ìdáná, ibi tí n kì í sábà dé. Mo tàn án, mo yí kókó náà sí àárín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, mo gbìyànjú láti dúró. Ìgbà mìíràn mo yá jù, ìgbà mìíràn ìlù náà ti fi mí sílẹ̀ lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀. N kò rí i mú títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo mú ti Àpòmù bọ̀ fún yín kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹnì kan nínú ilé tí ń lu ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó wọ ilé ìdáná lọ bá a, kí ó fa àpótí, kí ó jókòó, kí ó sì gbọ́ ọ dé òpin.