Ìlà Tí Òjò Dé Bá

N kò rántí dáadáa bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó tò sẹ́yìn Ìyá Kúdí lọ́jọ́ tí a yàn án ṣe olórí wa, tàbí ìgbà tí a tò tán ni ó dé. Mo rántí òórùn eruku ọ̀nà Ìbàdàn bí omi ṣe kàn án, mo sì rántí agbọ̀n dòdò tí mo rù. Ìlà náà gan-an ni n kò rí mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè bí ìbò ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwa tí à ń ta dòdò létí títì ní Ìkirè, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣà wa ni pé bí a bá fẹ́ yan olórí, àwọn olùdíje á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọn á kọjú sí títì, wọn á kọ ẹ̀yìn sí wa, kí ẹni tó bá pàdánù má baà mọ àwọn tí kò tò sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò ka ìlà. Nígbà tí Ìyá Kúdí fẹ́ fi ipò sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, káńsílọ̀ kan mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí olórí tuntun, ó ní àwọn àgbà ti yàn án.

A gbé agbọ̀n wa lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọba ìbílẹ̀, a ní a kò ní kúrò láìdìbò. Káńsílọ̀ náà jáde, ó kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní lọ́jọ́ tí Ìyá Kúdí jẹ, òjò tú wa ká, àwọn àgbà ló sì pe orúkọ rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é, ẹ̀yin ìyá wa. Àwa kàn ń tọ ẹsẹ̀ yín ni.”

Kò sí ìhàlẹ̀ kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Lọ́yà wa ṣàlàyé pé bí kóòtù bá gbà pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ta kò ó, yóò di ohun tí ẹlòmíràn lè gbé ẹsẹ̀ lé. Òjò yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wá dá lé. Àwa méjì péré ló gbà láti jẹ́rìí. Àwọn yòókù ti gbọ́ pé wọ́n lè lé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kúrò létí títì. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́yà káńsílọ̀ bi Ìyá Kúdí bóyá ó rí ìlà.

“Olúwa mi, ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá kàn mí. Lọ́yà wọn rọra sọ pé, “Màmá, ẹ̀yin lẹ lọ yunifásítì nínú wọn. Ẹ tò àbí ẹ ò tò?”

Mo ní mo gbà pé a tò, ṣùgbọ́n n kò lè búra sí i. Adájọ́ ní àwọn àgbà ti yan olórí rí láìsí ìlà, wọ́n sì lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí Ìkirè. Nígbà tí àwọn aláta Àpòmù béèrè ìlà tiwọn, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n lọ wo ẹjọ́ ti Ìkirè. Bí ìbò gbogbogbòò ṣe ń sún mọ́lé yìí, mo ti ń gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́nu àwọn olóṣèlú wọ́ọ̀dù. Ohun tí a rí nínú ìjà náà kò ju pé a mọ àwọn tó lè bá wa jókòó. Ohun tí a pàdánù, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni yóò máa fara gbá a, a sì ṣì jẹ wọ́n ní àlàyé.

Àkókò àtipe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti kọjá kí n tó lọ kí Àlàájà Sìkírá, tó máa ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ́lẹ̀ kí ó tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àpòmù. Bí mo ṣe dárúkọ ọjọ́ náà, kí n tó béèrè ohunkóhun, ó ní iwájú òun gan-an ni mo tò sí, epo ara agbọ̀n mi ló sì ba ìbòrí òun jẹ́.

“Wọ́n ti kà wá tán kí òjò tó dé.”