Hàlímátù Gbé Ẹ̀rọ Ìlọta Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà ni Hàlímátù ń tà níwájú ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Owódé Onírin. Ẹnu rẹ̀ mú ju ata tó ń tà lọ.

Ní ọdún 2007, àwọn elétò ìrànwọ́ kan dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ ran àwọn obìnrin oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó fẹ́. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń lo epo pẹtiróòlù ni wọ́n gbé fún obìnrin méjìlá, ojú títì kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń gbé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ méjèèjìlá, ìyá arúgbó kan sáré jáde, ó ní bàálù ń balẹ̀ sẹ́yìnkùlé òun. Bí ẹnì kan bá gbé abọ́ ata kọjá, ohùn méjìlá ni yóò pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi aṣọ bo tiwọn, tí wọ́n ń to abọ́ lé e lórí.

Hàlímátù gba ọ́fíìsì wọn lọ ní Kétu. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Keziah ló bá níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni mo nílò. Bí odò àdúgbò wa bá ti kún, oníbàárà ò lè jáde nílé."

"Mummy, mo gbọ́ yín, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ò sí nínú fọ́ọ̀mù."

"Tí ẹ bá kọ ọ́ sí i ńkọ́?"

"Kò sáyè níbẹ̀ mọ́, Mummy."

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, odò kún, omi wọlé dé orúnkún. Àwọn yòókù gbé ẹ̀rọ wọn gun orí tábìlì. Hàlímátù lọ bá Àtàndá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń pẹja.

"Ọkọ mi, ẹ yá mi lọ́kọ̀ yín."

"Ṣé ẹ fẹ́ máa pẹja ni, ìyàwó wa?"

"Ata ni mo fẹ́ máa lọ̀."

Àtàndá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já sómi. Síbẹ̀, ó bá a de ẹ̀rọ náà mọ́ pákó láàárín ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe tan án báyìí, ọkọ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó sì ń pòòyì bí òkòtó.

"Ẹ pa á! Ìyàwó wa, ẹ pa á!" Àtàndá dì mọ́ fèrèsé ilé onílé.

Látìgbà náà, wọ́n á kọ́kọ́ so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Hàlímátù á wá figbe ta: "Ẹ gbé ata yín wá sójú fèrèsé o!" Abọ́ á sì máa yọ láti ilé dé ilé. Nígbà tí Àtàndá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un, tó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn padà sídìí ẹja rẹ̀, Ajarat, aládùúgbò tó ti ń fi Hàlímátù ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa bá a wa ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Keziah dé pẹ̀lú kámẹ́rà, ó dúró létí omi, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ bọ́ ọ, ẹ wọkọ̀," ni Hàlímátù wí.

Keziah jókòó sáàárín tòmátì, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí. Nígbà tó rí abọ́ mẹ́ta tó yọ lójú fèrèsé kan náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mummy, kí ni kí n kọ fún àwọn ọ̀gá wa?"

"Ẹ ní ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sì máa bi wá léèrè kí wọ́n tó fún wa ní nǹkan."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n béèrè. Ajarat gba fírísà. Hàlímátù gba ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ó sì ń fi í kó ata rẹ̀ lọ tà dé Àgbòyí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.