Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá fún Ọjọ́ Ẹtì Rere

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 1999, ní agogo méje kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, ni ohùn àkọ́kọ́ jáde. Mo wo aago tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà, mo sì fi ti ọwọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi yàtọ̀. Tọwọ́ mi ni mo gbà gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo jẹ́ kó bọ́ sórí tábìlì níwájú máíìkì. Ìró rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ní kí ètò orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà fà á gùn nígbà mẹ́jọ, mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì gbọ́ agogo ńlá kan tí ń dún láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nínú àpótí náà. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró, mo sì tún jókòó, nítorí kò sí ẹni tí màá sọ fún.

Ajílósùn ní Adó ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Wọ́n ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jẹ́ ọmọ Ìyìn ló ni ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì, mo sì ń dúró de ìwé tí wọn yóò fi pè mí sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa bá òun ṣí ṣọ́ọ̀bù ní agogo méje, kí n gbálẹ̀, kí n sì lo kọ̀ǹpútà bó ṣe wù mí títí di agogo mẹ́jọ ààbọ̀ tí àwọn oníbàárà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ètò orin náà wà nínú sídì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìròyìn òkè òkun, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹ̀dà àdánwò ni. Gbogbo iṣẹ́ ló ń ṣe àyàfi ẹyọ kan: kì í pa nǹkan mọ́. Bí o bá fi wákàtí mẹ́ta to ohùn jọ, tí o wá pa kọ̀ǹpútà tàbí tí iná lọ, ó parí nìyẹn. Ìró tí mo bá fi máíìkì gbà nìkan ni mo lè pa mọ́, nínú ètò kékeré mìíràn tó bá kọ̀ǹpútà wá, ìṣẹ́jú kan péré lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà mo ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ogójì, mo sì ń kọ nọ́ńbà gbogbo sílẹ̀: iye ìgbà tí mo fa ohùn kan gùn, ibi tí mo ti yí i sẹ́yìn, bí gbohùngbohùn rẹ̀ ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Ní ọjọ́ kejì, màá tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ń gbà mí ní wákàtí kan. Nígbà tí oṣù máa fi parí, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo rò pé àbùkù yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, torí n kò lo ẹ̀dà tó ń pa nǹkan mọ́ rí.

Mo ti gbọ́ irú orin tí mo ń wá lẹ́ẹ̀mejì péré, lórí rédíò òkè òkun: kò ní ìlù, kò ní orin lẹ́nu, ó kàn ń rọra ṣí bí ìkùukùu tó ń kúrò lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n kò rí ohun tó dára nínú rẹ̀.

"Gírádúéètì, orin rẹ ti jí àbí ó ṣì ń sùn?"

"Ó ti jí, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tí kò dìde? Orin tí èèyàn ò lè mi orí sí. Ṣé ohun tí wọ́n fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ nìyí?"

"Ọdún mẹ́rin ni. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ló sọ ọ́ di márùn-ún."

"Ì bá dára kí wọ́n da eléyìí náà sílẹ̀."

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan tètè dé kí n tó pa ohùn náà. Olóòtú ètò ni ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan, àgbàlagbà tó wọ awò ojú, ó sì gbé ìwé wá fún títẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni, sà."

"Kọ́kọ́rọ́ ibo? Ti ọ̀run?"

Mo ṣàlàyé. Ó jókòó, ó ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì Rere ń bọ̀. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, èmi ni mo máa ń ka ìtàn ìjìyà Olúwa. Dùùrù kan náà ni mo ń fi sábẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, ó ti sú èmi gan-an. Ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún mi. Kò gbọdọ̀ já. Kò gbọdọ̀ sí ìlù. Kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn níbẹ̀, torí èmi ni mo máa sọ̀rọ̀. Tí n kò bá rí kásẹ́ẹ̀tì náà ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, dùùrù mi wà nílẹ̀."

Ohun tí ó sọ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán dáadáa. Títí di ọjọ́ náà, etí èmi nìkan ni orin mi ti ń dún, pẹ̀lú etí ẹ̀gbọ́n tí kò fẹ́ ẹ. Rédíò yẹn sì ń dé Ìyìn, ó ń dé Ìgèdè, ó ń dé Ìjàn. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í pa á láàárọ̀. N kò sọ fún un. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ kí ó tó mọ̀ pé èmi ni.

Kọ́kọ́rọ́ nìkan kò lè gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dán ìró fáànù wò, ó dà bí fáànù. Mo dán omi nínú korobá wò, ó dára díẹ̀. Ohun tí mo ń wá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ yìí: ìjọ Àládùúrà kan wà níbẹ̀, ìsìn òwúrọ̀ wọn kì í sì í parí kí n tó dé. Bí aṣáájú bá ní kí wọ́n gbàdúrà, oníkálukú á gbé tirẹ̀ sókè pa pọ̀, débi pé ẹni tó wà níta kò lè mú ọ̀rọ̀ kan jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà agogo á lù, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Mo lọ bá bàbá aṣáájú, mo tọrọ àyè láti gba ohùn wọn sílẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fà á gùn, sà."

"Àdúrà wa ò gùn tó ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà, nígbà tí mo ti ṣèlérí pé kò sí ẹni tí yóò lè dá ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo fa ìṣẹ́jú kan àdúrà yẹn gùn nígbà mẹ́rin, tí mo to ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀ tẹ̀ léra, tí ìparí ọ̀kan ń wọnú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, títí ó fi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ara mi gbọ̀n. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí mo wo apá mi, irun rẹ̀ sì dìde. Ó ń lọ bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú igbó obì kọjá, ó ń rọ́, ó ń padà. Ohùn èèyàn ni, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Níbi tí agogo ìjọ ti lù, gbogbo rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ di ìdákẹ́jẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kó tó tún gbéra. Mo fi àwọn àlàfo yẹn sílẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ló dára jù.

Ó wá ku bí yóò ṣe dé orí kásẹ́ẹ̀tì. Okùn tí a ní kò bá ojú ihò rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mu, nítorí náà a ní láti gbé rédíò náà síwájú sípíkà kọ̀ǹpútà, kí ó fi máíìkì ara rẹ̀ gbà á. Ohunkóhun tó bá dún nínú yàrá yóò wọlé. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ mímọ́, iná lọ nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń ṣe fọ́tòkọ́pì?" Ní Ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé òun ní ètò ìsìn Àjíǹde ìjọ mẹ́rin láti tẹ̀, òun ò sì ní lè yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà mọ́ tí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ bá ti lù. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má kàn án. Mo pa fáànù. Mo to gbogbo rẹ̀ láti inú ìwé mi, mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n sì jókòó sórí ìjókòó rẹ̀ láìmira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ pé òun kò gba tèmi.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni a kò rántí. Màmá onílé, tí ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé tí ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Àládùúrà yẹn, wọlé láti wá mú korobá rẹ̀ tí mo yá. Mo gbé ọwọ́ mi sókè kí ó má sọ̀rọ̀. Ó rí ọwọ́ mi, ó dúró, ó di ojú rẹ̀. Ohùn náà rọ̀ sílẹ̀, ó dé àlàfo. Màmá sì sọ ọ́ ketekete pé:

"Àmín."

N kò pa á. N kò lè pa á, agogo mẹ́jọ ti kọjá. Màmá di ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi parí; ní àlàfo tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n sáré juwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ojú Màmá ṣì wà ní dídì, ètè rẹ̀ nìkan ló mì. Mo pa kásẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ti ṣe tán?" ni Màmá bi wá. "Uṣẹ́ kí nìyí?"

"Màmá," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kí lẹ ń ṣàmín sí?"

"Nígbà tí ẹ̀rọ yín dákẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n máa wò ó ni? Ẹ̀yin méjèèjì jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa dá a lóhùn, ẹ kò fọhùn. Kò sí ẹni tó kọ́ yín nílé?"

Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé àdúrà ìjọ wọn ni. Kò mọ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dá mi lójú. Ó ní òun kàn gbọ́ pé ó tó àsìkò àmín. Ó mú korobá rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sán, mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò. Lójú ọ̀nà, mo rò ó pé bí n kò bá sọ, olóòtú lè má tẹ́tí dé ìṣẹ́jú kẹfà. Ṣùgbọ́n òun ni yóò máa kàwé nígbà tí ohùn Màmá bá jáde, kò sì dára kí ohùn yẹn ká a mọ́ ẹnu. Mo sọ fún un. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó tẹ́tí gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Màmá onílé wa, sà."

"Àmín kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Àwọn náà ò mọ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ó dá a padà, ó tún ibẹ̀ gbọ́.

"Mo ní kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fi í sílẹ̀. Màá rò ó."

Mi ò lè ka ojú rẹ̀. Mo padà sí Ìyìn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, láìmọ̀ bóyá orin mi ni tàbí dùùrù rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere, mo jókòó ti bàbá mi ní pálọ̀. Rédíò rẹ̀ ń lo iná, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Mo ti ronú kan gbogbo nǹkan tán, n kò ronú kan ìyẹn. Nígbà tó di agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, olóòtú kí àwọn olùgbọ́. Kọ́kọ́rọ́ mi dún. Àdúrà náà gbéra lábẹ́ rẹ̀, olóòtú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀ ju bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lọ́dún tó kọjá lọ.

Bàbá mi gbé orí sókè. "Wọ́n ti pààrọ̀ dùùrù yẹn. Kí lèyí?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

Ó wò mí. Ó na ọwọ́, ó yí rédíò sókè sí i, ó sì gbé ìka lé ètè kí n má tún sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo padà sí Adó, ẹ̀gbọ́n sọ pé ó dún dé òpin, pé olóòtú dúró nínú ìwé kíkà rẹ̀ kí àmín náà lè kọjá. Màmá onílé sọ bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ní àwọn èèyàn ìjọ òun bá òun ṣe é. Àwọn méjèèjì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àmín náà wà níbẹ̀, nítorí náà n kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀rí méjì. Ní Ìyìn, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni iná lọ, kí ó tó dé ibi àmín. Ọwọ́ bàbá mi ṣì wà lórí rédíò.