Orúkọ Tí Wọn Ò Tíì Pè

Ìyá Àmì la máa ń pè é nílé ìtẹ̀wé wa, nítorí kò sí ìwé tó lè gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá kó má fi àmì ohùn sí i. Àti ìwé ìsìnkú, àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọṣẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń fàmì sí. Ọ̀gá wa á ní, "Ìyá Àmì, ọṣẹ ni wọ́n fẹ́ rà, wọn ò fẹ́ fi kọrin." Kì í bínú. Á ti awò ojú rẹ̀ sókè, á ní, "Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi." Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ń tẹ ohun tó bá tún ṣe.

Ohùn ló pa àbúrò ẹ̀ ọkùnrin. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọmọ náà lọ ra búrẹ́dì, ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, àwọn kan tó dúró níbẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ibí. Wọ́n lù ú pa lójú ọ̀nà, lọ́sàn-án gangan. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí i sí o. Bàbá wọn ló ti ibòmíràn wá, ahọ́n bàbá ló jogún.

Nígbà tó yá, ìjọba ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún irú wọn, àwọn tí ìwà ipá àti ìkórìíra pa. Ọ̀gá wa ò fara mọ́ ọn. Ó ní ọjọ́ orílẹ̀-èdè yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀, pé ẹni tó kú ti kú, àti pé aṣọ làwọn èèyàn ń fi ọjọ́ náà fọ̀. Kò purọ́ nípa aṣọ. Èmi náà fọ tèmi. Ìyá Àmì ní òun ò mọ̀ bóyá ó wúlò, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti sú òun. "Ìyá mi ló fẹ́ ẹ," ó sọ fún mi. "Ó ní gbangba ni wọ́n ti pa á, kí wọ́n pè é ní gbangba."

Lọ́dún tó kọjá, òun àti ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn òkú náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń ka orúkọ ka ti ọmọ náà bí ẹni ń ka orúkọ oògùn: ó gbé e sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ó sọ ọ́ di orúkọ ẹlòmíràn. Ìyá arúgbó náà ò mọ̀ pé ọmọ òun ni. Wọ́n ká àga tán, ó ṣì jókòó. "Wọn ò tíì pè é," ló ń wí.

Lọ́dún yìí, àwa ni wọ́n gbéṣẹ́ ìwé orúkọ tí wọ́n máa kà níbẹ̀ fún. Ọjọ́ méjì ni Ìyá Àmì fi fàmì sí gbogbo orúkọ, kì í ṣe ti àbúrò ẹ̀ nìkan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ilé ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ kálukú wọn lórúkọ."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá Àmì ti lọ sílé nígbà tí akọ̀wé kan pè láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ní ká kó àwọn nǹkan wínníwínní orí lẹ́tà yẹn kúrò, pé wọn ò jẹ́ kí ìwé mọ́ lójú. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò lè jiyàn. Mo kó wọn kúrò. Mi ò sì sọ fún Ìyá Àmì. Mo ní bóyá ẹni tí yóò kà á lọ́dún yìí á mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀lẹ ni, mo kàn ń sọ ọ́ lórúkọ míì.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ìyá arúgbó náà jókòó síwájú, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá. Nígbà tó kan ọmọ náà, wọ́n tún ṣì í pè, bíi ti èṣí gan-an. Ìyá Àmì wo ìwé ọwọ́ ẹ̀, ó wò mí. Ó fẹnu sún mọ́ etí ìyá ẹ̀, ó pe orúkọ àbúrò ẹ̀ jẹ́ẹ́, bó ṣe yẹ ká pè é.

Ìyá gbọ́ ọ. Ó mi orí.

"Ìwọ ń pè é nílé lójoojúmọ́," ó ní. "Àwọn yìí ni mo ní kí wọ́n pè é."

Ojú tì mí. Wọ́n ń ká àga bọ̀ lọ́dọ̀ wa, mi ò sì lẹ́nu tí mo lè fi ní kí ìyá dìde.