Epo Nínú Yàrá Ìyá Mi

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gun alùpùpù láti Savalou, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́, lọ wo ìyá mi ní Bantè. Kpayo ni ìyá mi ń tà, bẹntiróò inú ìgò tí à ń rà létí ọ̀nà. Inú yàrá tó ń sùn ló ń kó àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí nítorí olè. Ọkàn mi kì í balẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe wọlé ni òórùn epo gbá mi nímú.

"Màmá, epo ń jò!"

"Epo wo? Ìwọ àti imú rẹ! Ṣebí epo yìí náà ló rán ẹ nílé ìwé." Ó ń fẹ́ iná èédú lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó gbé wọn dé ìdajì, òórùn náà ti lọ. Mo ní fèrèsé tí mo ṣí ló gbé e lọ, mo bá jókòó ti iṣu tí ìyá mi gbé fún mi. Àfi bí ìyá àdúgbò kan tó wá tọrọ iyọ̀ ṣe figbe ta lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀yin ará ilé yìí, epo ń rùn o!"

Ara mi bù máṣọ. Ọpọlọ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ kan náà títí. Bí imú bá ti ń gbọ́ òórùn kan fún ìgbà díẹ̀, ọpọlọ á kọ etí ikún sí i. Mo da omi sí iná. Mo ń jáde síta lọ mí afẹ́fẹ́ kí imú mi lè tún gbọ́ òórùn, mo tún ń wọlé, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí, títí mo fi rí kẹ́ẹ̀gì tó ń jò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹní ti rin gbingbin.

Mo bẹ ìyá mi kó wá bá mi gbé. Ó kọ̀ jálẹ̀. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo bá lọ bẹ ìyá àdúgbò náà: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, láràárọ̀ kí màmá mi tó dáná, ẹ máa bá mi gbóòórùn ilé wò." Ó gbà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo bá àwọn méjèèjì nínú yàrá, wọ́n ń pa ẹ̀pà. Ọ̀rẹ́ wọn ti wọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá náà ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ báyìí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, fọkàn balẹ̀. Láti ìjọ́ yìí, ilé yìí ò rùn rárá."

Láti àgbàlá ni òórùn epo ti ń ta mí nímú.