Iyọ̀ Orí Afárá

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé iyọ̀ ni mò ń dà sójú títì nílùú Dallas, ó káwọ́ lérí.

"Iyọ̀ kẹ̀? Iyọ̀ tí a fi ń sọmọ lórúkọ?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Nígbà òtútù, èmi ni mò ń wa típà tó ń da iyọ̀ àti yanrìn sórí afárá, kí yìnyín lè yọ́, kí mọ́tò má bàa yọ̀ ṣubú. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ kí n má jẹ́ káwọn ará ilé gbọ́.

Ọmọ tuntun ló gbé ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò mi obìnrin wojú Olúwa fún ọdún gbọọrọ kó tó bímọ ní Allen, ìlú tó ń gbé nítòsí Dallas, ìyá wa sì ti búra pé ọwọ́ òun ni yóò fi iyọ̀ tọ́ ọmọ náà lẹ́nu lọ́jọ́ kẹjọ. Ọ̀dọ̀ mi ní Sachse, ìlú míì nítòsí ibẹ̀, ló dé sí. Àfi bí yìnyín ṣe bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ keje! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, títì ń dán bí abọ́ tánganran, ọlọ́pàá sì ti fi ọkọ̀ dí ẹnu afárá tó wà láàárín àwa àti ọmọ.

"Mọ́mì, wọ́n ti close bridge yẹn o," ni ọkọ mi wí. "Ẹ jẹ́ ká shift ẹ sí Saturday."

"Ọjọ́ kẹjọ ló ń sún?" Ìyá mi kọjú sí èmi tí mò ń wọ bàtà iṣẹ́. "Ìwọ oníyọ̀, kí lò ń wò? Lọ ṣínà!"

Ẹ wò ó, mo fò jáde! Mi ò fayọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, torí afárá yẹn gan-an wà lára èyí tí ọ̀gá pín fún mi.

Afárá ni yìnyín kọ́kọ́ ń mú, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lókè rẹ̀, ó tún ń fẹ́ lábẹ́. Mo rọra gùn ún, típà ń kùn, iyọ̀ ń tú jáde lẹ́yìn mi wàà. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ. Táyà yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pe Jésù, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí oòrùn ràn, yìnyín ń sán kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, omi ń ṣàn, ọ̀dà dúdú yọjú. Mo hó yèè nínú mọ́tò lémi nìkan!

Ọlọ́pàá yẹ̀ lọ́nà. Ọkọ̀ ọkọ mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gorí afárá. Ìyá mi ti sọ gíláàsì kalẹ̀ nínú òtútù yẹn, gèlè rẹ̀ gba gbogbo fèrèsé, ó ń juwọ́, ó ń ki oríkì mi.

Mi ò lè tẹ̀ lé wọn, afárá mìíràn ṣì wà nílẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo páàkì, mo sì ń wò wọ́n lórí fóònù. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ń wò láti ilé. Ìyá mi fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu.

"Iyọ̀ rèé. Òun la fi la ọ̀nà tí mo gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọ̀nà yóò máa là fún ọ."

Ó wá kọjú sí àwọn ará ilé lórí fóònù, ó gbóhùn sókè.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Àkọ́bí mi ló ń da iyọ̀ sójú títì!"

Mo tẹ fèrè típà títí ọwọ́ fi ń ro mí.