Pèpéle Tó Ga Dé Ìbàdí Mi

Ìyàwó mi kúrú. Nígbà tí a kọ́ ilé wa ní Abẹ́òkúta, ìwọ̀n rẹ̀ ni bíríkìlà fi mọ pèpéle ilé ìdáná. Nígbà tó kú, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáná nídìí pèpéle náà. Ọkọ̀ àjàgbé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wà lọ́nà Ewékorò, ẹ̀yìn mi kò sì fẹ́ kí n máa tẹ̀ba mọ́. Tí mo bá gé ẹ̀fọ́ tán, àfi kí n di ògiri mú kí n tó lè nàró. Ọdún méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo pinnu pé màá wó ilé ìdáná náà, màá sì tún un ṣe. Mo fi téèpù wọn ara mi láti ilẹ̀ dé ìbàdí, mo kọ ọ́ sínú ìwé fún bíríkìlà. Mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́; ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, mo máa ń retí pé kí wọ́n kà á.

Bí wọ́n ṣe já yanrìn sẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dé láti Ṣàpọ́n. Kò jókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àna wa. Ìyàwó tuntun ti súnmọ́lé nìyẹn."

"Ilé ìdáná ni mò ń tún ṣe, Mọ̀mí."

"Mo rí i. Ta ló fẹ́ máa dáná níbẹ̀? Ewúrẹ́?"

Tí inú bá ti bí mi, ẹnu mi a pa dé. Mo yíjú sí yanrìn náà, ó sì lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ mi pè mí láti Wásinmi, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́. Òun nìkan ni ìyàwó mi bí fún mi, ó sì kúrú bí ìyá rẹ̀.

"Bàbá, tí obìnrin kankan bá wọ ilé ìdáná màmá mi, ẹ má retí ẹsẹ̀ mi nílé yẹn mọ́."

"Ta ló sọ pé obìnrin kan ń bọ̀?"

"Ṣé kò sí ni?"

Mo pa fóònù. N kò rí ìdí tí màá fi máa rojọ́ nínú ilé tí mo kọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ ra táìlì. Nígbà tí mo dé, pèpéle tuntun ti dúró, kò ju itan mi lọ.

"Kí lo mọ yìí?"

"Bàbá, ti inú ìwé yín ti ga jù," bíríkìlà ní. "Obìnrin wo ló máa gbé ìkòkò dé ibẹ̀? Mo dín in kù nítorí ìyàwó."

"Wó o."

"Ẹ jẹ́ kí ìyàwó fúnra wọn wá wò ó ná."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àti ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mú àpò wá láti kó ìkòkò olóògbé.

"O ti gbọ́ báyìí," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wí fún ọmọ mi.

Mo gba òòlù ńlá lọ́wọ́ bíríkìlà, mo wó pèpéle náà fúnra mi. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo dúró ti ògiri, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi ìbàdí mi.

"Èmi ni mò ń dáná níbí. Kò sí obìnrin kankan. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Ọmọ mi wò mí. "Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń pè yín. Ẹ ó ní dáadáa lẹ wà." Ojú rẹ̀ pọ́n, ìbínú ni, kì í ṣe àánú. "Ẹ lè wó ògiri, ẹ ò lè lanu."

Ó kó ìkòkò ìyá rẹ̀ dórí ṣíbí tó kẹ́yìn. N kò dá a dúró. Mo dúró ti bíríkìlà títí ó fi tún pèpéle mọ dé ojú ìlà.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí ọmọ mi tó wá. Kò pè kó tó dé. Ó kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò, ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Kò sí ẹnikẹ́ni," ni mo wí.

"Mò ń wò ó ni."

Ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé àlùbọ́sà lórí pèpéle. Èjìká rẹ̀ gòkè dé etí.

"Ibí yìí ga jù."

"Kò ga jù fún mi."

Ó gé àlùbọ́sà náà tán. Kò wo ojú mi.